Àgò Ẹyẹ ní Ìlú Kàdúná: Ìtàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Kan

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn ìlú Kàdúná, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà: ìjọba tí ó tẹ ìlú náà dó, ọ̀nà rélùwéè tí ó gba inú rẹ̀ kọjá, àti àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó sọ ọ́ di ìlú òṣìṣẹ́. Òtítọ́ ni ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú kò pin sí ọ́fíìsì ìjọba àti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tí baálé ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ní ẹ̀yìnkùlé, ohun èlò tí ó lò, ẹni tí ó wò kọ́ iṣẹ́ náà, gbogbo ìwọ̀nyí náà jẹ́ ìtàn. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni àgò tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kàn fún ẹyẹ tí ó ń sìn.

Àgò kéré lójú. Síbẹ̀, bí a bá tú u palẹ̀ igi kan lẹ́yìn òmíràn, a óò rí i pé ọgbọ́n ará igbó, ọgbọ́n ará ọ̀dàn àti irin ilé iṣẹ́ òde òní ni ó para pọ̀ di odindi. A óò tún rí i pé láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, òfin àti àrùn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, débi pé ohun tí ó jẹ́ eré ọwọ́dilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ronú sí dáadáa kí ó tó gbé ayùn.

Ohun tí Yorùbá mọ̀ kí wọ́n tó dé Kàdúná

Ẹyẹ sísìn kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín àwọn Yorùbá. Adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹtù àti ẹyẹlé ti wà nínú agboolé láti ayébáyé, olúkúlùkù pẹ̀lú irú ilé tí ó bá a mu. Ẹyẹlé kò nílò àhámọ́. Bí a bá ti fún un ní ihò lára ògiri tàbí àpótí lábẹ́ òrùlé, yóò jáde lọ wá oúnjẹ, yóò sì padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi fi í ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rẹ́ tòótọ́, tí wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Ti adìẹ yàtọ̀. Àgò tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìtàkùn hun ni a fi ń dáàbò bo òròmọdìẹ lọ́wọ́ àṣá, òun náà ni a sì fi ń ru adìẹ lọ sí ọjà.

Odídẹrẹ́ ni ó ṣòro jù. Ẹyẹ yìí, tí a tún ń pè ní ayékòótọ́, kì í ṣe ẹyẹ tí a ń sìn fún jíjẹ. Ìkó pupa ìdí rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ìkóódẹ, níyì gidigidi. A ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ adé ọba, a sì ń fi í sí orí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórìṣà. Orúkọ odídẹrẹ́ kò sì kúrò lára oríkì ìlú Ìwó títí di òní. Ìyẹ́ tí ó bá bọ́ lára ẹyẹ tí ó wà láàyè a máa hù padà, nítorí náà odídẹrẹ́ kan tí ó wà nínú ilé níye lórí ju òkú rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Ẹyẹ tí ó lè pe orúkọ ọmọ ilé, tí ó lè kí àlejò, tí ó sì lè tú àṣírí ẹni tí ó wọlé ní òru, kì í ṣe ẹyẹ tí ènìyàn ń fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹnu odídẹrẹ́ tí ó ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ó ń ba ilé rẹ̀ jẹ́. Ẹnu yìí le tó láti fọ́ èkùrọ́. Igi rírọ̀ kò tó nǹkan fún un, ìtàkùn kò sì lè dá a dúró ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìṣòro yìí ni gbogbo ẹni tí ó bá kan àgò fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, yálà ní Ìwó ni tàbí ní Kàdúná.

Ìtẹ̀dó Kàdúná àti ẹyẹ tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bíi Kánò tàbí Zaria. Odò tí ó ń jẹ́ Kàdúná ni ó fún un lórúkọ, àwọn Hausa sì sọ pé láti ara ọ̀nì, tí wọ́n ń pè ní kada, ni orúkọ odò náà ti jáde. Lugard ni ó yan ibẹ̀ láti jẹ́ olú ìlú Àríwá ní àsìkò tí ó ń palẹ̀ mọ́ láti so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1913, nígbà tí ó sì fi di 1917, olú ìlú ti kúrò ní Zungeru, ó ti dé Kàdúná.

Ọ̀nà rélùwéè ti ṣáájú ìjọba dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ń lọ sókè títí ó fi kọjá Jẹ́bà, tí ó sì pàdé ọ̀nà Baro sí Kánò, èyí tí wọ́n parí ní 1911, ní Mínnà. Gbogbo rẹ̀ láti Èkó dé Kánò lé ní 1,100 kìlómítà. Nígbà tí ọ̀nà ìlà-oòrùn láti Port Harcourt náà dé ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, Kàdúná di oríta ńlá tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Báyìí ni àwọn Yorùbá ṣe wá, àwọn kan gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn kan gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, káfíńtà, télọ̀ tàbí oníṣòwò. Wọ́n kó òwe wọn wá, wọ́n kó oúnjẹ wọn wá, wọ́n sì kó ìfẹ́ ohun ọ̀sìn wọn wá.

Kò sí igbó kìjikìji ní Kàdúná. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, odídẹrẹ́ tí a mọ̀ ní Gúúsù kì í sì í gbé inú ọ̀dàn. Nítorí náà, odídẹrẹ́ yòówù tí a bá rí nínú ilé ní Kàdúná, àlejò ni. Ẹnì kan ni ó gbé e wá láti ilẹ̀ tí ọ̀pẹ àti ìrókò ti ń hù, yálà nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹyẹ tí ó jọ ọ́ wà ní ọ̀dàn lóòótọ́. Ọ̀kan kéré jù ú lọ, orí rẹ̀ dà bí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn tí ó pọ́n. Òmíràn gùn ní ìrù, àwọ̀ ewé ni gbogbo ara rẹ̀, akọ rẹ̀ sì ní ìlà bí òrùka ní ọrùn. Àwọn wọ̀nyí ni onílé. Aku ni àwọn Hausa ń pe ẹ̀yà ẹyẹ yìí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó gbà pé ẹyẹ yìí ní làákàyè. Ìwé Hausa tí ń jẹ́ Magana Jari Ce, tí Abubakar Imam kọ, tí apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láàárín 1937 sí 1939, dá lórí aku kan tí ó fi ìtàn sísọ dá ọmọ ọba dúró sílé kí ó má baà lọ sínú ewu. Ìtumọ̀ orúkọ ìwé náà ni pé ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ohun ìní. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Hausa bá dúró ti àgò kan ní Kàdúná, tí wọ́n ń retí kí ẹyẹ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń ronú nípa ayékòótọ́ tí ayé kọ òtítọ́ rẹ̀, èkejì ń ronú nípa aku tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn ọmọ ọba. Ẹyẹ kan náà ni.

Akurki: ohun tí ará ọ̀dàn mọ̀

Àgò kò ṣeé kàn láìsí igi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọparun wà, igi imọ̀ ọ̀pẹ àti ti ògùrọ̀ wà, ìtàkùn sì pọ̀ nínú igbó. Ní Kàdúná, ohun tí ó pọ̀ jù lẹ́yìn ìkórè ni pòròpórò ọkà bàbà. Òun ni àwọn Hausa fi ń ṣe ọgbà, òun ni wọ́n fi ń ṣe akete, òun náà ni wọ́n sì fi ń hun àgò adìẹ tí wọ́n ń pè ní akurki.

Ọgbọ́n inú akurki yẹ fún ìyìn. A ó kọ́kọ́ yan pòròpórò tí ó gbẹ tí kò sì ní ihò kòkòrò. A ó gé e ní ìwọ̀n kan náà, a ó wá fi okùn dè é pọ̀ ní ìpele ìpele. Kò sí ìṣó, kò sí òòlù. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ wọlé fàlàlà, èyí sì ṣe pàtàkì ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin nígbà tí ooru Kàdúná bá mú gan-an. Ó fúyẹ́, ọmọdé lè gbé e láti òòrùn sí ibòji. Bí ó bá bàjẹ́, a ó sọ ọ́ sínú iná, a ó sì hun òmíràn láìná kọ́bọ̀.

Fún àdàbà, àparò, ẹtù àti òròmọdìẹ, akurki tó. Ẹnu wọn kò lè gé pòròpórò. Ṣùgbọ́n fún odídẹrẹ́, bí ìgbà tí a fi ìrèké ṣe ilẹ̀kùn fún ọmọdé ni. Ní ọ̀sán kan ṣoṣo, yóò ti jẹ ojú ọ̀nà fún ara rẹ̀. Ọ̀tá kejì ni ikán, nítorí pòròpórò tí ó bá fara kan ilẹ̀ kì í pẹ́ tí ikán fi ń sọ ọ́ di erùpẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú ẹyẹ igbó wá sí ọ̀dàn yóò rí i pé ọgbọ́n ọ̀dàn kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n igbó kò sì ní ohun èlò. Irin ni yóò parí ìjà náà.

Pákó, wáyà àti Panteka

Ní 1957, ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e ní agbègbè Kakuri. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti pọ̀, àjókù àti ìdọ̀tí rẹ̀ náà yóò pọ̀. Pákó tí wọ́n fi di ẹrù wá láti òkè òkun, ọ̀pá irin, wáyà, páànù àti nẹ́ẹ̀tì onírin bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń parí sí ni Panteka, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Tudun Wada, níbi tí káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà àti àwọn tí ń ta irin àlòkù ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí ẹnì kan sọ nù ni ẹlòmíràn ń rà níbẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun èlò tuntun.

Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àgò odídẹrẹ́ ti rí irin rẹ̀. Pákó di òpó mẹ́rin, nẹ́ẹ̀tì di ògiri, páànù di ilẹ̀. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí tí àgò Kàdúná fi jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọwọ́: èrò àti ẹyẹ láti ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti ara akurki Hausa, irin láti ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ onírúurú ẹ̀yà ti ń gba owó oṣù.

Bí a ti ń kan àgò tí ó yẹ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kan àgò fún ẹyẹ tí ó tó odídẹrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ẹyẹ, kì í ṣe igi. Láti orí dé ìrù, odídẹrẹ́ tó nǹkan bí 33 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Àgò tí ẹyẹ kò ti lè na apá kì í ṣe ilé, pósí ni. Kò yẹ kí ìbú rẹ̀ dín ní 60 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá sì tó 90 ní gígùn àti 120 ní gíga, ẹyẹ yóò lè gùn, yóò sì lè sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti ń ṣe lára igi. Àlàfo àárín wáyà kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, kí ẹyẹ má baà ti orí bọ̀ ọ́ kí ó sì há.

Àgò onígun mẹ́rin sàn ju èyí tí ó rí róbótó lọ, nítorí pé ẹyẹ tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń wá igun sá sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìkọ́ lásán ń tì, nítorí pé odídẹrẹ́ yóò wo ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣí i, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣí. Abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní páànù tí a lè fà jáde láti gbọn ìmí ẹyẹ nù lójoojúmọ́. Igi tí ẹyẹ yóò dúró lé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pá tí ó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé irú rẹ̀ a máa dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹ̀ka igi gúrọ́fà tí ó nípọn níhìn-ín tí ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún dára fún un, ẹyẹ sì lè jẹ èèpo rẹ̀ láìsí ewu. A kò gbọ́dọ̀ fi igi yìí sí òkè omi àti oúnjẹ, kí ẹyẹ má baà yàgbẹ́ sínú ohun tí yóò jẹ.

Ewu tí ó fara sin wà nínú irin. Wáyà tuntun tí a fi síńkì bò láti má jẹ́ kí ó dípẹtà máa ń ní ìyẹ̀fun síńkì lára, odídẹrẹ́ tí ó bá ń fi ẹnu họ ọ́ yóò gbé májèlé mì. Fífi ọtí kíkan àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ dáadáa, kí a sì fi omi ṣàn án, ń dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò pátápátá. Irin tí kò ní síńkì tí kì í sì í dípẹtà ni ó dára jù. Òjé tí a fi ń jó wáyà pọ̀ burú jù síńkì lọ, kò sì yẹ kí ó wà níbi tí ẹnu ẹyẹ lè dé rárá. Bákan náà ni ọ̀dà àtijọ́ tí ó ní òjé nínú.

Ojú ọjọ́ Kàdúná náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti Oṣù Kọkànlá títí dé Oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbẹ ara ènìyàn, áńbọ̀sìbọ́sí ẹyẹ tí a bí nínú igbó tí ìrì kò ti gbẹ. Ó yẹ kí a fi ẹ̀yìn àgò ti ògiri, kí a fi aṣọ bò ó ní òru, kí a sì máa wọ́n omi sí ẹyẹ lára ní ọ̀sán tí òòrùn bá mú. Kò yẹ kí àgò wà ní ilé ìdáná, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò lè gba èéfín. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀pà pọ̀ ní Àríwá, ó sì rọrùn láti fi ẹ̀pà nìkan bọ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí ó bá hu máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹyìn ọ̀pẹ ni odídẹrẹ́ fẹ́ràn jù nínú igbó. Èso àti ewé tútù gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a ń fún un. Ẹyẹ tí a bá tọ́jú báyìí lè lo ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá kan àgò ní ọjọ́ orí ọgbọ̀n ọdún lè fi ẹyẹ náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Òfin wọ inú ọ̀rọ̀

Bí àgò ti ń pọ̀ sí i káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń ṣófo. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Washington lórí títa àti ríra àwọn ẹranko àti ewéko tí ó lè parun. Àdéhùn náà, tí a mọ̀ sí CITES, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1981, odídẹrẹ́ bọ́ sí Àfikún Kejì àdéhùn náà, èyí tí ó ní kí a má ṣe tà á sí òkè òkun láìsí ìwé àṣẹ. Ní 1985, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìwé àṣẹ kò dá ìparun dúró. Láàárín ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé àdéhùn náà, odídẹrẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni a mú nínú igbó tí a sì kó gba ojú ọ̀nà òwò àgbáyé kọjá. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ tí wọ́n bá mú, láti orí 30 títí dé 66 ni ó ń kú kí wọ́n tó kó wọn jáde rárá, nítorí ebi, òùngbẹ, ẹ̀rù àti ìfúnpọ̀ nínú àgò tí kò yẹ. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé ó kéré tán, 90 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ ibẹ̀ ni ó ti lọ láti 1992. Ní ọdún 2016 yìí kan náà, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, wọ́n gbé odídẹrẹ́ lọ sí Àfikún Kìíní, òwò ẹyẹ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sì di èèwọ̀ láti 2017.

Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí ó ń kan àgò hàn gbangba. Bí a tilẹ̀ fi wúrà kan àgò kan, bí ẹyẹ tí yóò wọ inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyẹ tí a mú nínú igbó, òkú ẹyẹ mìíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 2006: àrùn wọ Kàdúná

Ní ọjọ́ kẹjọ Oṣù Kejì ọdún 2006, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìlera ẹranko kéde pé ọ̀fìnkìn ẹyẹ, irú tí a ń pè ní H5N1, ti dé Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti rí i ni oko adìẹ ńlá kan ní Jàjí, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní ojú ọ̀nà Zaria. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, èyí tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1924, ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwádìí kan ní Padova, ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àrùn náà tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹyẹ ọ̀sìn tí ìjọba pa láti dá a dúró lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí ó ní wọn. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Ní 2015, àrùn náà tún padà wá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹyẹ ọ̀sìn kó ayé láyà jẹ. Láàárín 1929 sí 1930, ibà kan tí ó ti ara ayékòótọ́ wá tàn láti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ìjọba kan sì dá kíkó irú ẹyẹ náà wọlé dúró.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àgò ti yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹyẹ má fò lọ, kí ológbò má sì wọlé. Lẹ́yìn 2006, ó di ààlà láàárín ẹyẹ inú ilé àti ẹyẹ ìta. Orí àgò tí ó wà ní gbangba gbọ́dọ̀ ní òrùlé tí kò jò, kí ìmí ẹyẹ tí ń fò kọjá má baà bọ́ sínú oúnjẹ. Kò yẹ kí adìẹ tí ń jẹ kiri dé abẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà nínú àgò tirẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Ọwọ́ fífọ̀ kó tó kan ẹyẹ àti lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré, pàápàá fún àwọn ọmọdé. Bí ẹyẹ bá kú lójijì, kò yẹ kí a tú u tàbí kí a jẹ ẹ́. Dókítà ẹranko ni ó yẹ kí ó gbọ́.

Ohun tí ó ń lọ, ohun tí ó yẹ kí ó kù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kàdúná kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2000 lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà, àti èyí tí ó tún ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2002, mú ẹ̀mí lọ, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé, àwọn Mùsùlùmí sí apá àríwá odò, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sí apá gúúsù. Nígbà tí aládùúgbò bá ya ara wọn, kì í ṣe ilé nìkan ni ó ń ṣófo. Ọmọ tí kò rí bí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú akurki kò lè kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá Yorùbá gbé pọ̀ kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe odídẹrẹ́ ní ayékòótọ́. Àgò Kàdúná kò lè wáyé ní ìlú tí olúkúlùkù ti ń kan nǹkan ní òun nìkan.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fi ojú ẹ̀kọ́ wo iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àgò ẹyẹ sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ ẹ̀dá, ìtàn àti ìwà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń wọn apá ẹyẹ kí ó tó gé igi ti kọ́ ẹ̀kọ́ àánú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù fún un. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ odídẹrẹ́. Ẹyẹlé wà, àdàbà wà, ẹtù wà, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí a bí sínú àgò tí wọn kò mọ igbó rí náà wà. Kí a jẹ́ kí odídẹrẹ́ tí ó kù nínú igbó máa jẹ ẹyìn rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Fún ọdún pípẹ́, àdúrà arìnrìn-àjò ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Kàdúná kò sì ní ṣaláì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wọn. Lónìí, ẹyẹ náà gan-an ni àdúrà ọ̀hún tọ́ sí. Bí yóò bá gbà, ọwọ́ ẹni tí ó mọ àgò kàn ni apá kan rẹ̀ wà, nítorí pé òun ni ó lè pinnu ẹyẹ tí yóò wọ inú rẹ̀ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.